Mámira Ń Wá Ìwé Kúáńtọ́ọ̀mù

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán egungun àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn. "Má mira!" tí mò ń pariwo lé wọn lórí látàárọ̀ ni wọ́n fi sọ mí lórúkọ: Mámira. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ilé ìtàwé tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọlé tọ̀ ọ́, mo gbé àyà síwájú bí ẹni tó mọ ohun tó wá ṣe. Ó ń fi àkísà nu eruku orí ìwé.

ÈMI: Ẹ káàsán o, Ẹ̀gbọ́n. Ìwé kan ṣoṣo ni mo wá mú.

Ẹ̀GBỌ́N: (kò tilẹ̀ gbójú sókè) Bó o ṣe sọ níjọ́sí náà nìyẹn, tó o fi ru ìwé jáde bí ẹni tó ń kó lọ sílé tuntun.

ÈMI: Tòní yàtọ̀. Ìwé kúáńtọ́ọ̀mù ni mò ń wá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwé kí ni?

ÈMI: Kúáńtọ́ọ̀mù. Ẹ̀ka kan ni lára físíìsì. Àwọn wóró kéékèèké tí ojú kò lè rí ló ń sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Tí ojú ò bá rí wọn, báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀?

ÈMI: Ìṣirò la fi mọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: (ó wá gbójú sókè) Ìṣirò! Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé tí ìka ọwọ́ rẹ bá tán nílé ìwé, tèmi lo máa ń wá yá?

ÈMI: Ìyẹn ti pẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Èèyàn ń dàgbà.

Ẹ̀GBỌ́N: O dàgbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ ò pọ̀ sí i.

ÈMI: Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ti le. Ilé ìwòsàn wa ti ra ẹ̀rọ tuntun, gbàǹgbà bí ilé. Aláìsàn á sùn sórí pákó, wọ́n á rọra tì í wọ inú ihò rẹ̀ bí ẹní ti búrẹ́dì sínú ààrò. Kì í ṣe ẹ́síréè bíi tèmi. Kúáńtọ́ọ̀mù ló fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sì ti ní gbogbo àwa tí a wà ní ẹ̀ka yẹn máa ṣe ìdánwò lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tó bá yege ńkọ́?

ÈMI: Òun ni wọ́n máa fi sídìí ẹ̀rọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tí kò bá yege?

ÈMI: (mo ń wo bàtà mi) Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn láti ẹnu géètì wọ inú ọgbà.

Ẹ̀GBỌ́N: (ó gbé àkísà sílẹ̀) Lẹ́yìn gbogbo ọdún tó o ti lò níbẹ̀?

ÈMI: Wọ́n á gbé ẹ̀rọ àtijọ́ jù sẹ́yìn ilé, wọ́n á gbé èmi náà jù tẹ̀lé e. Ẹ̀rù ń bà mí, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa, jókòó. Má sunkún sórí ìwé mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì máa ń wá béèrè ìwé tó ò ń sọ yẹn. Mẹ́ta ló kù.

(Ó gbé ìwé mẹ́ta sórí tábìlì. Ọ̀kan nípọn bí ìrọ̀rí, ọ̀kan ṣe déédéé, ọ̀kan tín-ín-rín.)

Ẹ̀GBỌ́N: Mú ọ̀kan kó o máa lọ. Ìdánwò ò ní dúró dè ẹ́.

ÈMI: Há à! Wọn kì í mú ìwé báyẹn. Ìwé yíyàn lọ́gbọ́n nínú.

(Mo gbé èyí tó nípọn, mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo gbé e sókè sí iná gílóòbù, mo di ojú kan.)

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lò ń fi iná wò níbẹ̀?

ÈMI: Iṣẹ́ mi ni. Èmi máa ń mọ ohun tó wà nínú nǹkan láì ṣí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo wá rí?

ÈMI: Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Kò sí ibi tó ti ṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Àbúrò mi, ìwé ni, kì í ṣe ẹni tó jábọ́ látorí àkàbà.

ÈMI: Ẹ dúró, mo fẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán ẹni tó kọ ọ́ rèé. Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín! Rárá o. Ẹni tí kúáńtọ́ọ̀mù bá yé dénú, kò lè rẹ́rìn-ín báyìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tó kọ èyí tó ṣe déédéé yìí lejú koko ní tiẹ̀.

ÈMI: Ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù. Ó jọ pé kò yé òun náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tó kọ tín-ín-rín yìí kò fi àwòrán síbẹ̀ rárá.

ÈMI: Kí ló ṣe tó ń sá pamọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyàwó lò ń wá ni, àbí ìwé? Gba tín-ín-rín yìí jàre. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló wà fún.

ÈMI: Kí n máa gbé e nínú bọ́ọ̀sì? Dókítà àgbà wa ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn!

Ẹ̀GBỌ́N: Fi ìwé ìròyìn bò ó.

ÈMI: Wọ́n á ní mò ń fi nǹkan pamọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò sì ní parọ́ mọ́ ẹ.

ÈMI: Èyí tó nípọn yìí ni màá gbà, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Tí kò bá tilẹ̀ yé mi, gbogbo èrò bọ́ọ̀sì á rí i pé ohun tí kò yé mi kì í ṣe kékeré.

(Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kó má bàa ráyè rẹ́rìn-ín tán.)

ÈMI: Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Wóró kan lè wà níbí, kó tún wà lọ́hùn-ún, nígbà kan náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn ò ṣàjèjì. Ọkọ mi náà máa ń sọ pé ibi iṣẹ́ lòun wà.

ÈMI: Kì í ṣe irọ́ o, Ẹ̀gbọ́n, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni! Tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì wò ó, ibi méjèèjì ló wà. Ọjọ́ tí ẹ bá wò ó báyìí, á di ẹni tó dúró sójú kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti yé mi.

ÈMI: Ó ti yé yín? Kò tíì yé èmi gan-an!

Ẹ̀GBỌ́N: Bí àwọn oníbàárà mi ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí mi ò bá wò wọ́n, wọ́n ń ra ìwé, wọ́n tún ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Tí mo bá ti wò wọ́n báyìí, kálukú á yan ọ̀kan. Ó yá, ṣí orí kìíní kó o máa kà á.

ÈMI: Orí kìíní kẹ̀? Láéláé! Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni mo máa kọ́kọ́ kà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó.

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n, ara ilẹ̀kùn yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Ka ìkìlọ̀ kí o tó tẹ bọ́tìnì." Bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni ìkìlọ̀ ìwé. Mi ò fo ìkìlọ̀ rí láyé mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ náà kọ́ lo ní kí ìyá àgbà kan fa èémí sínú kó dì í mú, tó o wá lọ dáhùn tẹlifóònù?

ÈMI: Mo padà dé!

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú ìyá ti ń yí kó o tó dé.

ÈMI: Àwòrán rẹ̀ ló mọ́ jù lọ́dún yẹn. Ìyá ò mira rárá.

(Mo ṣí ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Mo wọ awò ojú mi. Mo ka gbólóhùn kan, mo pa ìwé náà dé, gbì!)

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé? Ó bu ẹ́ jẹ ni?

ÈMI: Ó ní, "A gbà pé òǹkàwé ti mọ mátíríìsì dunjú." Èmi ò mọ mátíríìsì, ìṣirò tí wọ́n ń to nọ́ńbà sínú àpótí yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ìwé mátíríìsì?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wà lókè yẹn. Gun àkàbà.

(Mo gun àkàbà. Mo mú ìwé mátíríìsì. Orí àkàbà níbẹ̀ ni mo ti ka ìkìlọ̀ rẹ̀.)

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n! Èyí náà ní òun gbà pé òǹkàwé ti mọ kálíkúlọ́ọ̀sì!

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, apá ọ̀tún. Rọra o, àkàbà yẹn ti dàgbà.

ÈMI: (mo mú un, mo ṣí i) Kálíkúlọ́ọ̀sì ní ẹni tí kò bá tíì mọ áljíbrà kó má wulẹ̀ yọ òun lẹ́nu.

Ẹ̀GBỌ́N: Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn?

ÈMI: Ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń bá wí.

Ẹ̀GBỌ́N: Áljíbrà wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ girama ti ń yàn.

(Mo sọ̀kalẹ̀. Mo to ìwé jọ sí àyà, àgbọ̀n mi ni mo fi dì wọ́n mú. Mo fi orókún kan kúnlẹ̀ sídìí àwọn ìwé girama.)

ÈMI: Áljíbrà ní kí n rí i dájú pé ìṣirò ìdá ti dá mi lójú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ìṣirò ìdá wà níbi ìwé àwọn ọmọdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ya ewúrẹ́ sí lẹ́yìn.

(Mo fi orókún méjèèjì rìn débẹ̀. Àwọn tó ń kọjá níta ń yọjú wò mí láti ojú fèrèsé. Mo rí ewúrẹ́ náà. Mo mú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣí i, mo kà á.)

Ẹ̀GBỌ́N: Ewo tún ni? Kí lòun ní kó o mọ̀?

ÈMI: (ohùn mi ti rẹlẹ̀) Kò ní kí n mọ nǹkan kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọlọ́run ṣeun! Kí ló wá sọ?

ÈMI: Ó ní, "Kí àgbàlagbà kan jókòó ti ọmọ náà, kó má sì jẹ́ kó dìde títí yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀."

(Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wò mí bí mo ṣe kúnlẹ̀ nílẹ̀ láàárín ìwé ọmọdé, pẹ̀lú irun funfun lórí. Ẹ̀rín wá gbé e. Ó rín, ó rín, ó di tábìlì mú. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kí ni mo lè ṣe? Èmi náà bá a rín in.)

ÈMI: Ẹ bá mi di ìwé ìdá yìí. Ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Fún ìdánwò oṣù tó ń bọ̀? Dìde nílẹ̀ kó o kó wọn wá síbí. Tó o bá ní ìdajì búrẹ́dì, tó o fún mi ní ìdajì rẹ̀, kí ni mo gbà?

ÈMI: Ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbà, ẹ máa ní ó kéré.

Ẹ̀GBỌ́N: O mọ ìdá. (ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan) Áljíbrà ńkọ́?

ÈMI: Mo yege nínú ẹ̀ ní girama. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi gbé èsì lọ fi han Bàbá.

Ẹ̀GBỌ́N: (ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan) Kálíkúlọ́ọ̀sì?

ÈMI: Wọ́n kọ́ wa ní díẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Tí mo bá wò ó dáadáa, ó lè padà wá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé mátíríìsì nìkan lo ò wá mọ̀, tó o fi ń fi orókún fá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi láti ọ̀sán?

(Ó fa ìwé tó nípọn náà lọ́wọ́ mi, ó ṣí ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó na ìka sí i.)

Ẹ̀GBỌ́N: Ka ibi tó o dé.

ÈMI: "A gbà pé òǹkàwé ti mọ mátíríìsì dunjú."

Ẹ̀GBỌ́N: Máa kà á lọ.

ÈMI: Ìyẹn ti tó, Ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ti bà mí lẹ́rù tó.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní kó o máa kà á lọ!

ÈMI: "Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n kó má fòyà. Gbogbo èyí tó nílò la ti kọ sí ẹ̀yìn ìwé yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀."

(Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé. Òótọ́ ni. Ó wà níbẹ̀, ojú ìwé mélòó kan péré, pẹ̀lú àpẹẹrẹ rẹ̀ àti ìdáhùn rẹ̀.)

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tí kì í fo ìkìlọ̀!

ÈMI: Mi ò fò ó. Mi ò kàn kà á tán ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn ìwé tó o ti ń kó lọ sílé látọjọ́ yìí, bó o ṣe kà wọ́n náà nìyẹn?

ÈMI: Ẹ wá wò wọ́n. Kò sí ọ̀kan tó dọ̀tí. Inú wọn mọ́ bí abọ́ tí wọn kò tíì bu oúnjẹ sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Fa àga yẹn wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n ní kí àgbàlagbà kan jókòó tì ẹ́, èmi ni àgbàlagbà náà. Mi ò mọ kúáńtọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ẹ́.

(Ó jókòó tì mí, ó fi àga rẹ̀ dí ojú ọ̀nà. Ó fún mi ní pẹ́ńsù àti ìwé funfun. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó mọ̀.)

Ẹ̀GBỌ́N: Ìbéèrè kìíní, orí kìíní. Kà á sókè.

ÈMI: "Wá agbára tó wà nínú wóró kan lára ìtànṣán ẹ́síréè..." (mo dìde dúró) Ẹ̀gbọ́n! Ẹ́síréè! Iṣẹ́ mi nìyí! Wọ́n mọ̀ mí! Wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀!

Ẹ̀GBỌ́N: Jókòó. Ẹni tí wọ́n mọ̀ náà máa ń jókòó.

(Mo jókòó. Mo kọ ìlà kan. Mo kọ ìkejì. Ọwọ́ mi yá. Mo ń fi ahọ́n lá ètè bí ọmọ ilé ìwé. Mo dé ìlà tó tẹ̀ lé e, pẹ́ńsù dúró.)

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ṣẹlẹ̀?

ÈMI: Ó kọ ọ́ síbí pé, "Láti ibí yìí, ó hàn gbangba pé..." Ẹ̀gbọ́n, níbi tó bá ti hàn sí wọn gbangba, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti máa ń ṣú bá mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Tún un kà.

ÈMI: Ó jọ pé ìwé kan wà lókè yẹn tó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Aláwọ̀ ewé ni. Mo rí i nígbà tí mo wà lórí àkàbà. Ẹ jẹ́ kí n kàn...

(Mo gbé ìdí kúrò lórí àga díẹ̀. Ọwọ́ kan bà lé mi léjìká, ó le, ó sì gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹnu sún mọ́ etí mi. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀, ohùn tèmi gan-an ni, èyí tí mo ti ń fi bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́.)

Ẹ̀GBỌ́N: Fa èémí sínú.

(Mo fà á sínú.)

Ẹ̀GBỌ́N: Dì í mú.

(Mo dì í mú.)

Ẹ̀GBỌ́N: Má mira!

(Mo tún ìlà náà kà. Mo tún un kà. Mo fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Mo wo ìlà òkè, mo wo ti ìsàlẹ̀. Nǹkan kan ṣí díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé láti tì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá kó má bàa tún pa dé. Ojú mi ti ń pọ́n.)

ÈMI: (láàárín eyín) Ẹ̀gbọ́n... ìgbà wo ni mo lè mí?

Ẹ̀GBỌ́N: (ó ti mú àkísà rẹ̀, ó ń nu ìwé, kò kúrò lójú ọ̀nà) Orí kejì ni wọ́n ti ń mí.